Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Bí kọ̀ǹpútà bá lè rẹ́rìn-ín, èyí tó wà ní igun ilé ẹ̀kọ́ Màmá Àpọ́nlé n'Ísẹ́yìn ì bá ti fi Sọ̀fíyàt, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ṣẹ̀rín títí. Ètò kékeré kan ni ọmọbìnrin náà kọ: ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti ẹ̀rọ, ètò náà á wá orúkọ onítọ̀hún nínú ohun tí ẹ̀rọ fi pamọ́, á sì kí i. Lórí àwọn ẹ̀rọ Wíńdóòsì, ó ń kí èèyàn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ẹ̀rọ igun yìí nìkan, tó ń lo Línọ́ọ̀sì dípò Wíńdóòsì, ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ USERNAME, ọ̀rọ̀ tí ètò náà fi ń béèrè orúkọ èèyàn.

Màmá Àpọ́nlé tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti sọ tirẹ̀. "Bó bá ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ kí n tó kí ìrun Àsárì tán, ìwọ lo máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Débọ́lá ẹlẹgbẹ́ rẹ ni." Ó ti gbé búùtà, ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́.

"Tún un pè," ni Débọ́lá wí, "bóyá etí ẹ̀ ló di."

Bẹ́ẹ̀ ni Mùyìbátù, ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyàt ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, wọlé dé láti Òtù, eruku pupa lára ìborùn rẹ̀, abọ́ ìrẹsì àti wàrà díndín lọ́wọ́.

"Akọ̀wé mi, ẹ wá jẹun."

Débọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé tí ẹ̀rọ ò gbà fún! Ìyàwó, ṣé o ò mọ orúkọ ẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni kò gbọdọ̀ pè é, torí mo bá wọn nílé ni. Ìyá wọn ń pè wọ́n ní tiwọn, èmi ń pè wọ́n ní tèmi. Ẹni kan náà ṣáà ló ń dáhùn."

Sọ̀fíyàt gbé orí sókè. USERNAME, orúkọ tí wọ́n ń lò nílé Wíńdóòsì, ló ti gbé wá, tó ń fi pe ọmọ ilé onílé! Ó pa á tì ná. Dípò kó pe ẹnikẹ́ni, ó ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ka gbogbo orúkọ tó mọ̀. Lédè Páítìnì tó fi kọ ètò náà, os.environ ni wọ́n fi ń bi í, ibi yòówù kí ẹ̀rọ ti wá. Ni orúkọ bá ń tú jáde bí àgbàdo láti ẹnu àpò: ibi tí fáìlì ń gbé, èdè tí ẹ̀rọ ń sọ, títí ó fi rí USER láàárín wọn.

"Ìwọ rèé!"

Ó kọ ọ́ sínú ètò pé bí USERNAME kò bá dáhùn, kí ó pe USER. Ó tẹ bọ́tìnì.

*Ẹ kú ìjókòó, debola.*

Débọ́lá, tó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ igun náà lójoojúmọ́, ya ẹnu. "Ó mọ̀ mí!"

"Ó ti mọ̀ ẹ́ tipẹ́," ni Sọ̀fíyàt wí. "Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè ẹ́ nílé yín."

Ó gbé ètò kan náà káàkiri yàrá. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń kí èèyàn. Màmá Àpọ́nlé ń ká ẹní ìrun rẹ̀ bọ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ igun, ó sì na kálámù pátákó sí Sọ̀fíyàt.

"Tíṣà, kọ orúkọ rẹ kí àwọn ọmọ rí i."

Ó kọ *Sọ̀fíyàt*. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyàwó wọn tó dúró tòun ti abọ́, ó wá kọ *Akọ̀wé* sí abẹ́ rẹ̀.

Mùyìbátù fò ti òkè, ó sì fi ohùn gooro ka ti ìsàlẹ̀ fún gbogbo yàrá.