Ìwọ Tí Mo Pe Ẹ̀gbọ́n Mi

Òkè kì í bà mí lẹ́rù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe bíríkìlà. Ògiri tí kò dára ló ń dẹ́rù bà mí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n ní dandan, abúlé òkúta àtijọ́ tó wà lórí òkè ni àwọn fẹ́ lọ wò. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àǹtí ni mo máa ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, mi ò sì ní ẹlòmíì láyé. Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ ru òkúta, òkúta náà ni wọ́n ní kí n tún wá fi ṣe ìsinmi. Mo ráhùn títí, mo sì tẹ̀ lé wọn.

Kí n má purọ́, abúlé náà rẹwà. Òkúta ni ilé, òkúta ni àtẹ̀gùn, òkúta pẹlẹbẹ ni òrùlé. Ọ̀nà há débi pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan á fẹ̀gbẹ́ rìn. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni ògiri kan wà tí kò ga ju orúnkún lọ, níbi tí àwọn àlejò ti ń wo àfonífojì. Odò tó wà nísàlẹ̀ kò ju okùn bàtà lọ lójú wa.

Kí n tó yọ fóònù tán, Àǹtí ti jókòó sórí ògiri náà, wọ́n kọ̀yìn sí ọ̀gbun.

"Yà mí dáadáa o. Má gé mi lórí bíi tọjọ́sí."

Mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Kò sí sìmẹ́ńtì lára ògiri náà, òkúta lórí òkúta ni, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn, iyanrìn sì ń dà díẹ̀díẹ̀ láàárín òkúta, lábẹ́ ibi tí wọ́n jókòó sí gan-an.

Bí mo bá ní kí wọ́n rọra dìde, wọ́n á bi mí ní ìdí, torí kò sí ohun tí Àǹtí ń ṣe láìbéèrè ìdí. Bí mo bá sọ ìdí, wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á fọwọ́ ti òkúta kí wọ́n tó dìde, ó parí nìyẹn. Bí mo bá sì sáré lọ fà wọ́n, ilẹ̀ á mì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi dáadáa.

"Ìwọ," mo ní, "dìde kíá, wá ńbí. Àbí o ti dití ni?"

Mi ò pe àgbà kankan ní ìwọ rí, áńbọ̀sì ẹni tó fi pàṣán kọ́ mi pé ẹ̀yin là ń pe àgbà. Wọ́n kọ́kọ́ ń wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n fò dìde bí ẹni tó jókòó lórí ìjàlọ, wọ́n ń bọ̀ tìbínú-tìbínú, ọwọ́ ti wà lókè. Mo dúró, mo na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìgbátí náà mú kí etí mi hó.

"Èmi lò ń pè ní..."

Wọn ò parí rẹ̀. Ògiri náà lọ. Kò kọ́kọ́ pariwo. Ó kàn kúrò níbẹ̀ ni, eruku sì gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá ń gbọ́ òkúta nísàlẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́.

Àǹtí ò wẹ̀yìn wò. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mi mú, ohùn wọn sì ti di tọmọdé.

"Ẹ jọ̀ọ́," wọ́n ní, "ẹ má fi mí sílẹ̀."