Màmá Ń Lọ sí Kétu

Ṣé Ìmẹ̀kọ ni ká gbà ni, àbí Ṣẹ̀mẹ̀? Bí a bá gba Ṣẹ̀mẹ̀, Èkó ò ní jẹ́ ká tètè jáde, Màmá ò sì lè jókòó pẹ́. Bí a bá gba Abẹ́òkúta já sí Ìmẹ̀kọ, Kétu lódìkejì ẹnubodè ò jìnnà mọ́... ṣùgbọ́n wọ́n ní kòtò ló kún ọ̀nà yẹn. Egungun ìbàdí Màmá ńkọ́? Mo lè tẹ́ fóòmù sẹ́yìn ọkọ̀. Mo lè fi ìrọ̀rí há wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí àwọn aṣọ́bodè bá wá ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò ṣàlàyé pé ìyá arúgbó yìí ò kó ẹrù òfin kankan, pé ilé wọn ni wọ́n ń lọ?

Ilé wọn. Ẹ gbọ́ bí èmi náà ṣe ń sọ ọ́.

“Ẹ̀bùnọlá, gbé mi lọ sílé.”

“Màmá, ilé náà lẹ wà yìí.”

“Ilé bàbá rẹ nìyí. Kétu ni ilé mi.”

Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Mápó níbí ni wọ́n ti bí gbogbo wa, ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn ni Bàbá sùn sí. Obìnrin wo ní Ìdí Arẹrẹ ni kò mọ̀ wọ́n? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, àlejò ni wọ́n ń ṣe? Àwa ọmọ wọn wá ńkọ́ — rárá. Kò dáa kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọlábọ̀wálé, àbúrò mi, ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó pè mí láti Àbújá. “Sìsítà, ẹ tún inú rò. Ẹni tí ò lè dá dìde, ẹ fẹ́ gbé wọn kọjá ẹnubodè? Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́nà?”

Nǹkan. Kò lè pe nǹkan ọ̀hún lórúkọ. Èmi náà ò lè pè é.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni mo kọ́kọ́ dá fún Màmá. Àjíǹde kọjá, mo ní Ezekiel tó máa wa ọkọ̀ wa ò sí nílé. Ezekiel dé, mo ní ká jẹ́ kí òjò dá. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn di àpò. Mo dì í: ìró, bùbá, Bíbélì, aṣọ funfun kan tí mi ò rí lára wọn rí. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n wo ojú mi títí. Wọ́n ní kí n fi í sísàlẹ̀ àpò.

Òjò sì ti dá. Oòrùn ti ń ràn, ariwo ọ̀kadà ń gòkè wá láti Ọjà'ba, mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ni Ezekiel dá mi dúró ní Bẹẹrẹ. “Mọ̀mí, mo ti ṣe tán o. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì náà lẹ jọ ń bọ̀?”

Kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àyè máa wà fún èrò mìíràn láti Kétu ni. Mo ní màá pè é. Mo yí padà sílé, mi ò tiẹ̀ ra iyọ̀ tí mo torí ẹ̀ jáde.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé bẹ́ẹ̀ ni? Pé...

Mo sì ti ń da ọ̀rọ̀ ọ̀nà rò láti àárọ̀, bí ẹni pé ọ̀nà ló ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀nà kọ́. Màmá mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n. Wọ́n kàn ń dúró dè mí ni, wọ́n ń ṣe sùúrù fún mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí mi ò tètè rí bàtà mi lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi ni. Èmi tí irun orí mi ti funfun, tí àwọn ọmọ ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà — èmi ni mi ò tíì fẹ́ di ọmọ òrukàn.