Lẹ́ńsì Tí Clarrie Yí Mọ́ Kámẹ́rà

Noelene ti yan nǹkan títí ó fi sú u. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló ti ń yàn: àwo wo ló máa bá wọn lọ sí ìlú Adelaide, àwo wo ló máa kù, àga wo ni yóò gba inú yàrá tí ọmọbìnrin wọn pèsè fún wọn, èwo ni kí aládùúgbò wá gbé. Bó bá bèèrè lọ́wọ́ Clarrie ọkọ rẹ̀, Clarrie á ní, "Èyí tó bá ti wù ẹ́." Kò sí ìdáhùn tó ń dá èèyàn lágara tó ìyẹn. Nígbà tó fi wá dé ìsọ̀ Vasko láàárọ̀ Ọjọ́rú, tí Vasko to lẹ́ńsì méjì síwájú rẹ̀ lórí káńtà, tó ní kó mú ọ̀kan, ńṣe ló ṣe é bíi kó jókòó sílẹ̀ kó bú sẹ́kún.

"Fìdí lé àga ná," ni Vasko wí. Òun ló ń rọ atẹ́gùn sínú sìlíńdà fún àwọn òmùwẹ̀ Edithburgh, òun náà ló ń ta ohun èlò fún wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Ojú ẹ pọ́n o. Ṣé Clarrie ò jẹ́ kó o sùn ni?"

"Clarrie ń sùn dáadáa. Èmi ni mò ń di ẹrù."

"Ó dáa, kí lo fẹ́ fi lẹ́ńsì yà?"

"Basil."

Vasko rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo òmùwẹ̀ ìlú náà ló mọ Basil. Dírágónì eléwé ni, ẹja tó gùn tó apá ọmọdé, tí ewé hù lára rẹ̀ láti orí dé ìrù. Bó bá dúró sáàárín koríko òkun lábẹ́ afárá onígi tí wọ́n nà wọ inú òkun, èèyàn lè wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má mọ̀. Clarrie ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì náà kò le, létí ẹni tí kò bá rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò ni Clarrie ní, wọ́n sì fi ike líle ṣe ilé fún un kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Iwájú ilé ike yẹn ni wọ́n ń yí lẹ́ńsì àfikún mọ́. Ọ̀kan nínú méjèèjì ń sọ kékeré di ńlá, débi pé ojú edé á kún odindi fọ́tò. Èkejì ń la ojú kámẹ́rà gbòòrò, tí èèyàn á fi sún mọ́ nǹkan tímọ́tímọ́ tí yóò sì tún rí gbogbo àyíká rẹ̀.

"Tèmi ni kó o mú èyí tó gbòòrò," ni Vasko wí. "Wàá rí Basil láti orí dé ìrù, wàá rí òpó, wàá rí bí oòrùn ṣe ń yọ wọlé láàárín pákó. Èyí kejì yìí, ojú ẹ̀ nìkan ló máa mú."

"Clarrie ní ojú ẹ̀ nìkan lòun fẹ́."

Vasko sún èyí tó gbòòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun náà mọ̀ pé ojú Clarrie ti ń lọ. Kì í ṣe pé ó fọ́ pátápátá, àárín ló kú. Bí Clarrie bá wo èèyàn lójú, òkùnkùn ló ń rí níbi tó yẹ kí imú àti ẹnu wà. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ṣì ń ríran. Bó bá fẹ́ rí Noelene dáadáa, àfi kó yíjú sí fèrèsé bí ẹni tó ń bínú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ojú Basil bá tóbi tó tẹlifíṣọ̀n, bóyá òun á rí i. Ó fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó kó kúrò létí òkun lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí wọn kò ní padà wá mọ́. Dókítà ti ní kí Clarrie má wọ omi mọ́ láéláé. Orúnkún Noelene náà sì ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìwẹ̀ ọ̀la ni àṣekágbá, fọ́tò kan ṣoṣo ni Clarrie sì bèèrè nínú gbogbo ìdààmú kíkó yìí. Ẹ̀rù ń ba Noelene pé òun á bà á jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wẹ̀ pọ̀, Clarrie ló ń ya fọ́tò. Tọ́ọ̀ṣì ni Noelene ń gbé.

Ó mú èyí tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Má yí i mọ́ ọn lókè o," ni Vasko sọ bó ṣe ń wé e. "Inú omi ni. Omi gbọ́dọ̀ wà láàárín lẹ́ńsì àti ilé kámẹ́rà. Bí atẹ́gùn bá há síbẹ̀, bàìbàì lo máa yà wálé."

"Vasko, mo ti ń gbé tọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀ omi kó o tó mọ imú ẹ nù."

"Tọ́ọ̀ṣì kọ́ ni kámẹ́rà, ìyá àgbà."

"Ìyá ẹ ni ìyá àgbà."

Nígbà tó délé, Clarrie wà nídìí tábìlì ìdáná láàárín àwọn páálí, ó na ọwọ́ kí Noelene tó bọ́ bàtà. Ó gba lẹ́ńsì náà, ó fi àtàǹpàkò wá etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yí i, ó ní kó gbé kámẹ́rà wá.

"Vasko ní inú omi ni kí n ti…"

"Vasko! Ta ló kọ́ Vasko? Mo mọ̀. Bó o bá dé ìsàlẹ̀, tú u díẹ̀, jẹ́ kí atẹ́gùn jáde, kó o yí i padà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa yí i mọ́ ọn. Wàá sọ ọ́ nù."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ lẹ́ńsì nù rí láyé mi."

"Ṣé ìlú gbàgbé ni?"

Báwo ni ìlú ṣe fẹ́ gbàgbé, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran tí Clarrie kò ti ní sọ ìtàn náà? Ó yí lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà títí kò fi lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ wá rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣí ìgò jáàmù, ó fi dì í mú, ó tún fi gbogbo ara yí i. Noelene rí i pé ó ti le jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ta ilé náà, kò tíì rí kí ojú ọkọ rẹ̀ tàn báyìí, iṣẹ́ mìíràn kò sì sí fún un nínú ilé tó ń tú lọ yẹn. Ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Noelene gbé sìlíńdà kọ́ ẹ̀yìn létí afárá onígi náà, ó fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ké. Ọkùnrin kan tó jókòó ti ìwọ̀ rẹ̀ lórí afárá tẹ̀ síwájú wò ó.

"Noelene! Ìwọ̀ mi há nísàlẹ̀ yẹn, bá mi mú un bọ̀!"

"Wọ inú omi wá mú un fúnra ẹ!"

"Omi tutù jù fún èèyàn gidi!"

Omi náà tutù lóòótọ́. Ó wọlé láti ọrùn aṣọ rọ́bà rẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, Noelene sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ìwúwo sìlíńdà ti kúrò léjìká rẹ̀, tí orúnkún sì dákẹ́, ó kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan. Nísàlẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó ń ní kó yan nǹkan.

Ẹ̀gbẹ́ òpó afárá kan tó wọ́ ló ti rí Basil. Ó gbé ẹyin! Ẹyin pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ̀ mọ́ ìrù rẹ̀ pitimu. Nínú ìran tiwọn, akọ ló ń gbé ẹyin. Abo á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nírù, á bá tirẹ̀ lọ. Inú Noelene dùn débi tí omi fi fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé kámẹ́rà sókè, ó wo gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bàìbàì. Atẹ́gùn há sẹ́yìn lẹ́ńsì.

Ó ní kóun tú u díẹ̀. Kò tú. Ó fún kámẹ́rà mọ́ àyà, ó fi gbogbo agbára yí i. Kò mira. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì, ó ki í bọ ìgbànú, ó fi ìka lásán gbìyànjú títí ìka náà fi kú tipiri. Ìgbà yẹn ni inú bí i. Ó bú Clarrie. Ó bú u nítorí lẹ́ńsì, nítorí àwo, nítorí "èyí tó bá ti wù ẹ́", nítorí gbogbo oṣù tí òun nìkan fi ń ru ilé náà lórí. Gbogbo èébú náà di hóró atẹ́gùn, ó ń gòkè lọ bá ọkùnrin oníwọ̀. Ó gbá lẹ́ńsì mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i, lójijì ló tú, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti kú, ó wọ àárín koríko òkun lọ.

Nígbà tó gbójú sókè, Basil ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Òfin kan wà lábẹ́ afárá yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: bí dírágónì bá ti kọ ẹ̀yìn sí ọ, a kì í lé e. Clarrie ló kọ́ gbogbo wọn. Noelene dúró síbi tó wà, ó fi ọwọ́ òsì di òpó mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kámẹ́rà tí kò ní lẹ́ńsì àfikún kankan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ewé díẹ̀ mì, Basil sì wọlé sáàárín koríko. Ó wá a, ó wá lẹ́ńsì, títí atẹ́gùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Kò rí ọ̀kankan.

Nílé, Clarrie ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kó tó dé. Noelene so kámẹ́rà mọ́ ọn, fọ́tò náà sì hàn. Basil wà láàárín, ó kéré, ó ń lọ.

Clarrie yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, bí ẹyẹ òkun tó ń wo ànàmọ́ díndín lọ́wọ́ èèyàn.

"Èyí kì í ṣe ojú."

"Rárá. Lẹ́ńsì já bọ́. Mo sọ ọ́ nù."

Noelene ń retí kó rẹ́rìn-ín, kó ní ìtàn ti di méjì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wo etí fọ́tò náà.

"Òpó tó wọ́ nìyẹn," ló wí. "Ta ló dì í mú?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tó ò wọ ìbọ̀wọ́? Nínú omi tútù yẹn?" Ó fi àtàǹpàkò ra ìka ara rẹ̀. "Mo yí i le jù."

"Mo ní mo sọ ọ́ nù."

"Noelene."

Clarrie tún yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá Basil, ṣùgbọ́n ibikíbi tó bá gbé ojú sí, òkùnkùn rẹ̀ ń bá a débẹ̀.

"Mi ò rí i," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bá mi sọ bó ṣe rí."

"Ó gbé ẹyin."

"Irọ́! Ṣé ó pọ̀?"

"Ó kún ìrù ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

"Ó rẹ̀ ẹ́, Clarrie. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu."

Kò mọ̀ pé ohùn òun máa yí báyẹn, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Clarrie yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí fèrèsé, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Noelene fún ìgbà pípẹ́.

"Jókòó," ló wí.

Ó dìde, ó ń fọwọ́ wá ògiri lọ sí ìdáná. Noelene jókòó tòun ti irun tútù, ó gbọ́ tó ń ya ìwé ìròyìn, tó ń wé àwo lọ́kọ̀ọ̀kan sínú páálí. Clarrie kò bèèrè èwo.