Àga Ọ̀nọ́rébù

“Ta ló rí ọmọ mi?”

Ìyá Lásárù bèèrè. Àwọn akọrin ń gbé orin ìkórè, àwọn obìnrin ń to iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú pẹpẹ, ojú gbogbo wọn sì ń sá fún àga pupa kan tó ṣófo níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Múyì, alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Lálúpọn, ló gbé e wá láti ilé rẹ̀ fún Ọ̀nọ́rébù Lásárù. Ó ń fi aṣọ nù ún lemọ́lemọ́, bí ẹni pé eruku ń bá a ṣọ̀tá.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀,” Múyì ní. “Ọ̀nọ́rébù kì í fẹsẹ̀ rìn wọ̀lú. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá ná.”

“Fèrè kọ́ ni mo bí,” ìyá dá a lóhùn.

Nígbà tí Lásárù jẹ́ kánsẹ́lọ̀, ta ló gbọ́ fèrè? Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló ní. Bí ó bá ti ń dún bọ̀, àwọn tó ń yan gàrí á ti máa ro ẹjọ́ wọn sílẹ̀ dè é. Á jókòó tì wọ́n, á bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́, á sì parí ìjà ààlà oko láàárín èéfín. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á ya ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, á máa ṣí ìṣasùn wò bí olè. Àwọn tó ń bá bẹ ẹ̀gẹ́ wọ̀nyẹn ló dìbò fún un tó fi dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá wá, ọlọ́pàá á yí i ká, ọwọ́ á máa nà sí i lọ́tùn-ún lósì, ìyá rẹ̀ á sì dúró lẹ́yìn èrò, á máa wo fìlà ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jìnnà lọ. Ìyá kò bèèrè ọ̀nà ọlọ́dà. Ó kàn fẹ́ kó tún jókòó jẹun lójú òun ni.

Wòlíì ní kí wọ́n gbé omi àdúrà wọlé. Nínú ìjọ Kérúbù wọn, ẹnikẹ́ni kì í gbé omi wá láti ilé lọ́jọ́ ìkórè; kànga ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn ń lò, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ló máa ń fà á fáwọn yòókù. Ọkùnrin kan ti wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀, láìwọ bàtà, nínú sùtánà funfun bíi ti gbogbo wọn, ó doríkodò sẹ́nu kànga. Wọ́n ń gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń lọ. Ta ló ń wo ojú ẹni tó ń fa omi?

Múyì yọrí lójú fèrèsé. “Ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, ṣé kànga lò ń bá sọ̀rọ̀ ni? Yára! Ọ̀nọ́rébù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé!”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá,” ọkùnrin náà fèsì, kò gbórí sókè.

Ìsìn lọ títí, àga ṣì ṣófo. Ẹnìkan ní ipò ti ń pa Lásárù bí ọtí.

“Ẹ gbé iṣu lé àga yẹn jàre,” Àjíkẹ́ tó ń yan gàrí ní. “Iṣu kúkú wá.”

Ẹ̀rín sọ. Ó gún ìyá lọ́kàn. Ó yọ́ dìde, ó gba ìdí kànga lọ kó lè bọ́jú, kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

“Ọmọ mi, bá mi bu omi sọ́wọ́,” ó ní, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

“Ẹ rọra, Màámi. Ó tutù.”

Ọwọ́ ìyá dúró, omi ń jò gba àárín ìka rẹ̀. Ó gbójú sókè. Lásárù ni, kò sí fìlà, kò sí ọlọ́pàá, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

“Láti ìdájí ni mo ti wà ńbí,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Gbogbo wọn ló bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti ayé ọ̀kadà mi. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má tíì dárúkọ mi.”