Ẹ̀rọ Tí Wọn Ò Tíì Ṣí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ náà fi jókòó sórí tábìlì Dókítà Olúwadọ̀tun ní ilé-ìwòsàn Ìdí-Ọ̀gánwó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, aṣọ funfun lórí, ríbọ́nù pupa nídìí. Kò sí ohun tó ṣe é. Iná wà, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa aláìsàn láyà wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà. Ohun tí kò sí ni Olóyè Sanmí, tí yóò ti Amẹ́ríkà wá gé ríbọ́nù, kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Títí Olóyè yóò fi dé, kí àwọn ọmọ Ìdí-Ọ̀gánwó àti ti gbogbo abà tó yí i ká máa fi sùúrù ṣàìsàn.

Síkáànì ni. Kì í ṣe èyí tó tóbi bí àpótí aṣọ tí wọ́n fi ń wo aláboyún o. Èyí kéré. Èèyàn lè gbé e lọ bá ọmọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà lé e láyà, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, tí Olóyè jẹ́ olórí rẹ̀, ló rà á fún yàrá àwọn ọmọ tí àìsàn wọn le, yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí Títíladé ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n tiẹ̀ tún ṣe dáadáa, ká má parọ́. Wọ́n rán olùkọ́ kan wá láti Ìbàdàn, ó fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nínú gbogbo wọn, Títíladé ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Olùkọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Títíladé, ó ní, "Ọkàn ni kí o kọ́kọ́ wá. Tí o bá rí i tí nǹkan dúdú yí i ká, omi ni. Omi yẹn ló ń há ọkàn mọ́ tí kò fi lè ṣiṣẹ́. Má fi falẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ni dókítà máa fi fà á jáde, ọmọ á sì mí." Títíladé lọ sílé, ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Ní ọjọ́ Ẹtì tí olùkọ́ lọ, wọ́n nu ẹ̀rọ mọ́ tónítóní, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì Dókítà, Mátírọ́ọ̀nù Olúwaṣìkẹ́mi sì di ríbọ́nù rẹ̀ bí òdòdó.

Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní èṣí, ẹgbẹ́ yìí kan náà gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún ilé-ìwòsàn, àwọn èèyàn sì ti ń pọn omi rẹ̀ kí Olóyè tó wá ṣí i. Olóyè bá ẹrẹ̀ nídìí kànga. Ó ní wọ́n ti sọ nǹkan òun di àlòkù, ó wọ mọ́tò rẹ̀ padà, jẹnẹrétọ̀ tó ṣèlérí kò sì wá mọ́ títí dòní. Láti ìgbà náà ni Dókítà ti ṣòfin pé ohun tí wọn ò bá tíì ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́rú kan, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ni Mùjíbátù gbé Fàdìlàt dé. Gàrí ni Mùjíbátù ń yan ní abà kan lẹ́yìn Lalupon, òórùn èéfín ṣì wà lára ìró rẹ̀. Gàfárù ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé wọn. Fàdìlàt jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò lè dùbúlẹ̀ rárá, jíjókòó ló jókòó, ó fẹ̀yìn ti ìyá rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọjọ́ mélòó rèé, Ìyá Fàdìlàt?"

"Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì, Nọ́ọ̀sì. Ibà la pè é. A ti ra oògùn títí."

Títíladé wo ọrùn ọmọ náà, ó rí i pé iṣan ọrùn rẹ̀ wú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ wú. Ó gbọ́ àyà rẹ̀, ọkàn ọmọ ń dún ní ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó ń gún iyán nílé kejì. Ó fi ọ́síjìn sí ọmọ nímú, ó sì sáré lọ bá Dókítà.

Dókítà ń to orúkọ àwọn tí yóò jókòó níwájú lọ́jọ́ ayẹyẹ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi síkáànì wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn. Ó jọ pé omi ló yí ọkàn rẹ̀ ká."

"Mo ti rí ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé. Òtútù àyà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni sà. Mo máa nù ún, mo máa dì í padà."

Dókítà wá gbójú sókè wàyí. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. "Sísítà, ṣé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kànga ni? Ọmọ mélòó ni iná lọ mọ́ lórí láti èṣí nítorí jẹnẹrétọ̀ tí a pàdánù? Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni Olóyè ń bọ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ mọ́. Tí ara ọmọ yẹn ò bá yá títí di ọ̀la, ẹ kọ ìwé kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn."

Dókítà kì í ṣe ìkà. Ohun tó ń bíni nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ìkà ni, à bá rí ẹni gégùn-ún fún, ọkàn ẹni a sì fúyẹ́. Èèyàn dáadáa ni, ó ń fi ọmọ òní ṣọ́ nǹkan tí yóò gba ọmọ ọ̀la là.

Ní ọjọ́ kejì, ètè Fàdìlàt ti ń dúdú. Dókítà ti lọ sí Ìbàdàn láti lọ wo aṣọ ńlá tí wọ́n ń tẹ àwòrán Olóyè sí. Gàfárù sáré lọ wá mọ́tò, nítorí ọ̀kadà kò lè gbé ọmọ tó wà lẹ́nu ọ́síjìn. Títíladé mú Mùjíbátù wọ ọ́fíìsì kó wá tẹ̀ka sórí ìwé tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ. Bí obìnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fẹ́ kan aṣọ funfun.

"Ẹ má fara kàn án o, Ìyá Fàdìlàt. Wọn ò tíì ṣí i."

Ẹnu Títíladé ló sọ bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ kó tó mọ̀. Mùjíbátù fà sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n má bínú, ó tẹ̀ka, ó sì yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Títíladé ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ àlùmọ́gàjí tó fi ń gé báńdéèjì. Ó mú etí ríbọ́nù dání. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kó gé e, kó gbé e, yàrá ọmọ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Bí ó bá sì rí omi, foonu wà, dókítà á padà wá sáré, ojú á sì ti gbogbo òfin.

Ṣùgbọ́n ọmọ tíṣà ni Títíladé, ilé Onítẹ̀bọmi l'Akínyẹlé ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá rẹ̀ a máa ní ẹni tó bá gbọ́ràn kì í jìyà, ó sì ti gbọ́ràn láti kékeré. Ó ro ti Dókítà, ó ro ti jẹnẹrétọ̀, ó ro ìwé tí wọn yóò kọ sí i pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní mọ́tò á kúkú dé láìpẹ́. Ó dá àlùmọ́gàjí padà sápò.

Mọ́tò dé nígbà tí oòrùn kàn àtàrí. Ọmọ ti dákẹ́ kó tó dé. Wọ́n fi mọ́tò náà gbé òkú rẹ̀ lọ sábà, wọ́n sì sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ìyá tó pàdánù ọmọ náà ni Mátírọ́ọ̀nù sọ fún Mùjíbátù, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nínú káàdì, Dókítà kọ òtútù àyà. Bóyá òun ni. Bóyá omi ni. Títíladé kò lè búra, torí kò sẹ́ni tó wò ó, ìyẹn sì dùn ún ju ọ̀rọ̀ ikú gan-an lọ.

Olóyè Sanmí dé ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá, pẹ̀lú fìlà gogoro àti ayàwòrán méjì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí yàrá àwọn ọmọ. Mátírọ́ọ̀nù gbé àwo wá, ó tẹ́ aṣọ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ fi gé ríbọ́nù. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ni Dókítà bá yíjú sí Títíladé, ó ní, "Sísítà, ẹ kì í wà láìní àlùmọ́gàjí."

Títíladé yọ ọ́ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Olóyè. Olóyè gé ríbọ́nù, àtẹ́wọ́ dún. Wọ́n tẹ́ ọmọ-ọmọ Mátírọ́ọ̀nù sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ tó sanra, tó ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́, wọ́n ní kí Títíladé fi ẹ̀rọ wò ó. Ọkàn ọmọ hàn lójú ẹ̀rọ, ó ń fò sókè sódò, kò sí dúdú kankan níbẹ̀. Olóyè ní láti òní lọ, ọmọ kankan kò ní kú ikú àìmọ̀dí ní Ìdí-Ọ̀gánwó mọ́. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn jáde lọ mu nǹkan tútù lábẹ́ ìbòji.

Ìgbà yẹn ni Títíladé rí Mùjíbátù lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti abọ́ tó fi ìdérí bò. Kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. A kì í ṣe ìnáwó òkú ọmọdé, ṣùgbọ́n àlùfáà ní kí n fi àkàrà ṣe sàárà fún àwọn ọmọ kéékèèké. Mo ní kí n gbé e wá fún àwọn tó wà níbi tí tèmi wà. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú fún un."

Títíladé gba abọ́ náà. Àkàrà ṣì gbóná.

Mùjíbátù ń wo ẹ̀rọ. "Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?"

"Wọ́n fi ń wo inú àyà."

"Ó lè rí ohun tó ń ṣe ọmọ mi?"

"Ó ṣeé ṣe kó rí i."

"Ìgbà wo ló dé?"

Títíladé wo ilẹ̀. "Òní ni. Òní ni wọ́n gbé e dé."

Mùjíbátù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ríbọ́nù pupa tó wà nílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ nù ún, àtàǹpàkò tó fi tẹ̀ka lọ́jọ́sí.

"Mo rí yín, Nọ́ọ̀sì," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo rí i tí ẹ yọ àlùmọ́gàjí, tí ẹ di èyí mú, tí ẹ tún dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí lẹ fẹ́ gé."

Títíladé na abọ́ padà sí i. "Ìyá Fàdìlàt, ẹ gbà á. Mi ò yẹ lẹ́ni tí…"

"Sàárà ni. A kì í gba sàárà padà. Ẹ pín in."

Títíladé pín in láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, fún àwọn ọmọ tó lè jẹun àti fún ìyá àwọn tí kò lè jẹ. Nígbà tó parí, ẹyọ kan ṣẹ́ kù sínú abọ́. Mùjíbátù ti jókòó sórí àga tó jókòó sí ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, ríbọ́nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúró kí abọ́ òun ṣófo.

Títíladé mú àkàrà náà. Ó jẹ ẹ́ tán níṣojú rẹ̀.