Àga Òyìnbó Pitikẹ́dì

Bí ẹ bá wọ ilé Alàgbà Ọlátúndé Pitikẹ́dì ní Òkókómáíkò ní ọdún 1991, àga mẹ́fà ló wà ní pálọ̀ tí ẹ lè mú jókòó. Èyí keje ni kí ẹ má ṣe wò. Ó wà ní igun lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi aṣọ funfun tó mọ́ ju sùtánà Alàgbà fúnra rẹ̀ lọ bò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jókòó lé e.

Iṣẹ́ káfíńtà ni Alàgbà ń ṣe. Òun ló kan mẹ́fà yòókù, wọ́n sì dúró digbí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èyí keje ń mì, ó sì ń dún bí wọ́n bá ti fara kàn án, síbẹ̀ Alàgbà kò jẹ́ kí ìṣó kankan kàn án rí. Ìdí ni pé wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé PITIKẸDI. Orúkọ òyìnbó Sìkọ́tíláàǹdì kan ni, tó gbé létí omi Ọ̀jọ́ láyé àtijọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àga náà ti dé ọwọ́ bàbá bàbá Alàgbà, orúkọ sì bá àga wálé.

Bó ṣe bá a wálé gan-an, Alàgbà ò mọ̀, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ò dí i lọ́wọ́ àtiròyìn. Bó bá ń sọ ọ́ lónìí, òyìnbó náà ló gba bàbá bàbá òun tọ́. Bó bá di ọ̀la, òyìnbó ló fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún un. Bí àlejò bá wá pọ̀ nílé, tí ẹlẹ́rìndòdò sì tutù, òyìnbó alára á di ẹni tó bí wọn, Alàgbà á sì gbé imú sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i dáadáa. Ká má purọ́, Ìfọ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, imú Ìfọ̀ pọ́ńbélé ni imú náà.

"Orúkọ wa ò wọ́pọ̀," á wí. "Ní Sìkọ́tíláàǹdì gan-an, ẹ máa wá a tì." Alàgbà tí ń sọ̀rọ̀ yìí ò rìn kọjá Àgbádárìgì rí o.

Ẹni tí orúkọ tí kò wọ́pọ̀ yìí ń fìyà jẹ ni Adéníkẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsọ̀ kan ní Ìyànà-Ìbà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, bàbá rẹ̀ sì ti lé ọkọ àfẹ́sọ́nà méjì lọ. Ti èkejì ló dùn ún jù. Ọmọkùnrin náà ò mu sìgá, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alàgbà bi í lórúkọ, ó dáhùn, Alàgbà mi orí.

"Ọmọ mi, orúkọ yín ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ké e ní Ìyànà-Ìbà báyìí, ogún èèyàn ló máa yíjú padà."

Láti ọjọ́ náà ni Adéníkẹ́ ò ti mú ẹnikẹ́ni wálé mọ́. Ìyá rẹ̀, Màmá Felicia, a máa wo ọkọ rẹ̀ látẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, á wo àga náà, á sì gbé ìkòkò kan kalẹ̀ gbì.

Ìgbà tó yá ni ibà gbé Adéníkẹ́ dé ilé ìtọ́jú kékeré kan. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ké pé, "Pitikẹ́dì!" Adéníkẹ́ dìde. Ọkùnrin kan pẹ̀lú dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí Pitikẹ́dì kankan tí wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé wọn. Ràímì lorúkọ ọkùnrin náà, ìṣó ló gún un lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gba oògùn tán, ibà ti fi Adéníkẹ́ sílẹ̀, nǹkan mìíràn sì ti mú un.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ di ìgbà tó dá a lójú pé òun fẹ́ràn Ràímì tọkàntọkàn. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Bàbá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́. Orúkọ tiẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá."

"Ẹn-ẹ́n! Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ràímì Pitikẹ́dì ni. Ìbà Housing Estate ni wọ́n ń gbé."

Inú Alàgbà kọ́kọ́ dùn. Ó ti la ẹnu láti sọ pé ọmọ gidi rèé, ọ̀rọ̀ náà wá yé e, ó sì pa ẹnu dé. Ó lé àwọn yòókù lọ nítorí orúkọ wọn pọ̀ jù. Èyí tó wá jẹ́ tiwọn gan-an, ẹbí ni, ẹbí ò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn.

"Èèwọ̀!" ló wí. Àga náà dún kẹ̀ẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ràímì, Àlàájì Gbàdàmọ́sí, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì Ìyànà-Ìbà, ní òun ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ. Ó wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ tó sì gbé e wá di báàfù onírin ńlá kan mọ́ orí. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní pálọ̀. PITIKẸDI ló wà lára báàfù náà, ọ̀dà funfun kan náà, irú ìkọ̀wé kan náà.

Àwọn bàbá méjèèjì wo àga, wọ́n wo báàfù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti hàn kedere lójú wọn. Bàbá ńlá kan ló kú, wọ́n pín ogún rẹ̀, ọmọ kan mú àga, ọmọ kan mú báàfù.

"Ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ mú," ni Alàgbà wí. "Ẹni tó mú àga ni ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ má bínú o, Alàgbà. Báàfù tóbi ju àga lọ. Ẹ̀gbọ́n wo ló máa fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún àbúrò?"

"Ṣé inú báàfù ni ọba ń jókòó sí ni tiyín?"

"Ọba kì í wẹ̀ ni?"

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í du ipò ẹ̀gbọ́n, títí Màmá Felicia fi jáde sí wọn pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Bàbá Adéníkẹ́, ẹ gbọ́. Ọmọ yín ń sunkún ní yàrá, ẹ̀ ń pín ogún òyìnbó. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Bí èyí náà bá bọ́, ẹ gbé àga yẹn lọ sórí ibùsùn, torí èmi ò ní sùn síbẹ̀ mọ́."

Alàgbà gbọ́ ẹkún náà lóòótọ́. Adéníkẹ́ kì í sunkún sókè láti kékeré, ó máa ń fi ẹnu mọ́ ìrọ̀rí ni, èyí sì ni bàbá rẹ̀ ò lè fara dà. Ó dùn ún wọnú eegun. Ó bá Àlàájì pinnu pé káwọn méjèèjì wá orírun orúkọ náà rí, bóyá ìbátan náà ti jìnnà tó kí wọ́n lè gbójú fò ó.

Àlàájì ti gbọ́ nípa sójà kan tó ń jẹ́ Pitikẹ́dì ní bárékè Ọ̀jọ́. Wọ́n lọ síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì Ṣàngódèyí Pitikẹ́dì yọ̀ mọ́ wọn, ó pè wọ́n ní bàbá òun, ó sì wọlé lọ gbé ohun ìní ìdílé tiẹ̀ jáde. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni. Orúkọ náà wà lára rẹ̀.

"Màmá mi sọ fún mi pé àwa gan-an ni orijínà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀yin bàbá mi, nó wàhálà, ẹ lè jẹ́ ẹ̀ka."

Inú bí Alàgbà. Ilé kan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó di méjì, ó ti di mẹ́ta báyìí. Òkókómáíkò, Ìbà, bárékè! Orúkọ tí wọn ò lè rí ní Sìkọ́tíláàǹdì ń tàn kálẹ̀ ní ojú títì Àgbádárìgì. Ó ṣì ń bínú nígbà tí Sájẹ́ǹtì júwe ilé àgbà gbogbo Pitikẹ́dì fún wọn, Ìyá Ràbíátù, nínú ìlú Ọ̀jọ́ lẹ́bàá omi.

Arúgbó náà ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Iwájú ilé ló jókòó sí, ó gbé abọ́ funfun kan tó ní etí bùlúù àti ìdìmú kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀pà yíyan ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Alàgbà ti bù ú lẹ́ẹ̀mejì kó tó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara abọ́ náà. Ó tún abọ́ wò, ó wo ìdìmú rẹ̀ kan ṣoṣo. Póò ni. Póò òyìnbó ni, èyí tó ń tọ̀ sí lóru.

"Ìyá," ni Alàgbà wí, ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀, "níbo lẹ ti jogún èyí?"

"Jogún kẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà ti ìdí gbànjo wá ni?"

"Gbànjo wo?"

Arúgbó bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó Pitikẹ́dì! Ahun ni, ọmọ mi, ahun tó gbóná. Kí wọ́n má baà jí nǹkan rẹ̀, ó fi ọ̀dà kọ orúkọ sára gbogbo ohun tó ní. Ó kọ ọ́ sí àga, sí síbí, títí kan èyí. Ewúrẹ́ rẹ̀ ń rìn kiri ìlú, orúkọ ń bẹ légbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa padà sílé, ó ní òun ò ní fi nǹkan kan tọrẹ, ó lu gbogbo rẹ̀ ní gbànjo níbẹ̀ yẹn. Èèyàn wá láti Ìfọ̀, wọ́n wá láti Ọ̀yọ́. Ohun tí o bá rà lọ, wọ́n á fi pè ọ́: Pitikẹ́dì alága, Pitikẹ́dì oníbáàfù. Àwọn ọmọ dé iléèwé, tíṣà ní kí lorúkọ bàbá yín, kí ni wọn ì bá wí?"

"Ìyẹn ni pé," ni Àlàájì wí jẹ́ẹ́, "báàfù la jẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ ní tèmi? Ìyá mi rò pé abọ́ ọbẹ̀ ló rà. Ó fi ṣe àlejò fún gbogbo àdúgbò. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó láyà láti là á lọ́yẹ̀."

"Ẹni tó ra ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n pa á jẹ lọ́jọ́ kejì. Orúkọ ò bá wọn délé."

Alàgbà bi í bóyá òyìnbó náà bímọ. Arúgbó ní, "Ẹni tí ń ka ẹ̀pà sílẹ̀ kó tó jáde nílé? Obìnrin wo ni yóò dúró tì í?"

Wọ́n kọrí sílé. Àlàájì ló kọ́kọ́ là á: "Alàgbà, ṣé a máa sọ ọ́?" Alàgbà ń rò ó. Bí wọ́n bá dákẹ́, òun ṣì ni ọmọ òyìnbó, ọmọ òun ò sì ní lọ́kọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ọmọ á lọ́kọ, òun á sì di ọmọ ọmọ ẹni tó ra àga ní gbànjo. Gbogbo Òkókómáíkò ló ti gbọ́ nípa imú rẹ̀. Ojú ti ń tì í kí ó tó délé rárá.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí Màmá Felicia dá pé, Alàgbà ò sì tíì sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èrò Ìfọ̀ àti èrò Ọ̀yọ́ kún pálọ̀, àwọn ará ìjọ dúró lójú fèrèsé. Màmá Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n Alàgbà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Orúkọ kan náà, ìran kan náà. A ò lè fi ọmọ wa fún ọmọ wa. Ọlátúndé, ìwọ lo mọ ìtàn. Ṣé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó yẹn kan náà ni?"

Gbogbo ojú yí sí Alàgbà. Ó wo Adéníkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ náà ò wo bàbá rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò, ó ti gbà pé ó tán. Alàgbà dìde lórí àga rẹ̀, ó sì ṣí aṣọ funfun kúrò lára àga náà.

"Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan," ló wí. "Bàbá bàbá wa kì í ṣe ọmọ òyìnbó. Àga ló rà. Ní gbànjo."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, àwọn mìíràn gbè é, etí Alàgbà sì gbóná. Àlàájì dìde: "Báàfù ni tiwa." Ẹ̀rín di gèè.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ló wá ṣẹlẹ̀. Alàgbà di Àlàájì lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ jókòó síbí, àna mi." Ó nawọ́ sí àga keje.

Àlàájì jókòó. Àlàájì sanra. Àga náà dún kẹ̀ẹ̀, ó dún kẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fọ́ yángá, Àlàájì bá ara rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú fìlà lójú. Màmá Felicia gbé ọwọ́ lérí. Gbogbo èèyàn ń retí kí Alàgbà pariwo.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ àga tó kán, ó gbóòórùn ojú ibi tó ti kán. Káfíńtà ni, ogójì ọdún ló fi ń gbóòórùn igi.

"Ọ̀mọ̀ ni," ló wí. "Igi ọ̀mọ̀! Èyí tí mo ń rà ní ìsọ̀ pákó lójoojúmọ́! Àga náà gan-an ò dé Sìkọ́tíláàǹdì rí!" Ẹ̀rín pa á débi tí omijé fi ń jáde lójú rẹ̀. Ó fa Àlàájì dìde. "Màmá Ìbídùn, ẹ wo ìbátan tó wà láàárín àwa àti wọn, ó ti kán sílẹ̀ yẹn. Adéníkẹ́, wá kí ọkọ rẹ."

Igi àga ni wọ́n fi dáná ìrẹsì ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá Ràbíátù di ẹ̀bùn tiẹ̀ nínú bébà aláwọ̀ mèremère, ìyàwó fi ojú inú mọ ohun tó jẹ́, kò sì tú u. Pátákó ẹ̀yìn tí orúkọ wà lára rẹ̀ nìkan ni Alàgbà ò jẹ́ kí iná kàn. Ó gbé e lọ sí ilé ọmọ rẹ̀ ní Ìbà, ó fi í sókè ẹnu ọ̀nà, ó sì kàn án mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin.