Òfin Bàtà Nílé Àṣà

Ẹni tó bá ń wá ìjà Rachael, kó ṣáà ti ní kó wọ bàtà sí sùtánà. Ìjọ tirẹ̀ kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti gbé aṣọ funfun wọ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Agége?

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àṣà ni.

"Mọ́mì, ẹ ò lè wọlé láìwọ bàtà. Òfin ni."

Rachael ka orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀. "Teslim. Ṣé bàtà lo fi ń wọ mọ́ṣáláṣí?"

Teslim sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni ilé náà, àwọn òpó gàgàrà tò níwájú rẹ̀ bí ìjòyè tó ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá Rachael ti kàwé. Iná ti jó gbogbo àwòrán ìyá náà tó wà nílé. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù láyé ń bẹ nínú gbọ̀ngàn yìí, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lọ́la ni wọ́n máa kó gbogbo àwòrán lọ sí Àbújá. Bí Rachael ṣe gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti gbéra wá tààrà.

Láolú, ọ̀gá ilé àṣà, yọ sí i pẹ̀lú sílípáàsì rọ́bà lọ́wọ́. "Ẹ kisẹ̀ bọ èyí, mà. Ẹ má dójú tì wá lójú àwọn àlejò ìjọba láti Aláúsá."

"Kí n wọ bàtà sí aṣọ Olúwa, nítorí ìwọ? Ilé àṣà tí kò mọ àṣà!"

"Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ nígbà náà! Ẹlẹ́sẹ̀ lásán kankan ò ní wọ ibí."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni!"

Àwọn àlejò kan ń jáde bọ̀. Rachael kọjú sí wọn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wòran tán, àwọn ọmọ iléèwé tó dúró lórí àtẹ̀gùn nínú àwòrán yẹn, ṣé wọ́n wọ bàtà?"

"Bàtà kẹ̀?" ni obìnrin kan wí. "Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn."

"Ìyá mi wà láàárín wọn. Ọ̀gá, òfin lòfin. Ẹ lé ìyá mi jáde!"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ojú Láolú wú bí búrẹ́dì. "Teslim, gbé e wá fún un kó wò ó, kó máa lọ!"

Teslim gbé àwòrán náà jáde nínú férémù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ọmọdébìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì. Rachael wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: bó ṣe dúró gan-an nìyẹn.

Ó gba férémù, ó gbá a mọ́yà, ó sì kọrí sí títì.

"Ẹ̀yin ìyá! Ẹ dá a padà sínú ilé!" ni Láolú pariwo.

Rachael kò bojú wẹ̀yìn. "Kò lè wọlé. Kò wọ bàtà."